Àna Mi Fẹ́ Ta Ilẹ̀ Ìbà Fi Ra Ọkọ̀ Ìgbòkun

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ìbà, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, àti ẹ̀yin ará Òkòkòmáíkò tí ẹ ṣì wà nínú gósílò láti àná. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì tí ṣọ́ọ̀bù mi wà lórí rẹ̀. Ó ní owó rẹ̀ lòun fẹ́ fi ra ọkọ̀ ojú omi. Ká ní ọkọ̀ akérò tó ń ná Èbúté Ọ̀jọ́ ni, n ò ní sọ̀rọ̀, torí ìyẹn á máa pawó wálé. Ká ní ọkọ̀ apẹja ni, a óò máa rí ẹja jẹ. Ọkọ̀ ìgbòkun ni o, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì kiri, tí kò gbé yanrìn, tí kò kérò, tí ẹni tó ni ín kàn ń sùn sínú rẹ̀, tó ń se tíì. Tòkunbọ̀ ni pẹ̀lú. Lọ́dún tí wọ́n kàn án, n ò tíì mọ ìyá àwọn ọmọ mi, ìyá àwọn ọmọ mi náà ò tíì mọ ABD.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mò ń jowú. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe, lẹ́bàá títì tó ti LASU wá sí Ìbà. Ẹ̀gbọ́n ra ilẹ̀ yìí kó tó rìnrìn àjò, ó ní, "Àna mi, ẹ bá mi máa mójú tó o." Mo mójú tó o. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ti fẹ́ńsì, wọ́n gba ti páànù. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n tún lè gbowó lé lórí mọ́, wọ́n ní bàbá àwọn kan kú, pé èmi náà ti di ara ẹbí, kí n mú tèmi wá. Mo mú un wá. Ẹ̀gbọ́n ò mọ ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ohun tí òun mọ̀ ni pé orúkọ òun ló wà nínú ìwé. Òótọ́ ni, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, èmi ni mo ra ọ̀dà.

Owó ìfẹ̀yìntì ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, á gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, á di bàbá ìjọ tàbí bàbá àdínì, á máa parí ìjà láàárín ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí èbúté lọ wo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ ti ń wọlé sórí WhatsApp mi lóròòwúrọ̀, ohùn gígùn, tí mo máa ń gbọ́ títí bátìrì fóònù á fi lọ sílẹ̀. Nínú èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ó ní òun ti rí Contessa 32, pé ọkàn òun ti fà sí i, pé ó ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti gbé obìnrin òyìnbó ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo pè é padà láti bi í. Nígbà tó wá sọ pé ọkọ̀ ni, ìyàwó mi nu ojú rẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mi ò tíì rí ọpẹ́ náà.

Ẹ má sọ pé n ò ṣe ìwádìí. Ọmọ mi tó wà ní LASU ló bá mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni gígùn ọkọ̀ náà, ìyẹn mítà 9.75. David Sadler ló ya àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ Jeremy Rogers ní Lymington, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní 1971, wọ́n sì ti kan ohun tó lé ní 700. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 4 lọ. Ohun tó kù díẹ̀ kó tó ìdajì ìwúwo yẹn, òjé ni, òjé tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dà á dojú dé. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra bátìrì kú ní Àlábà. Kò bi mí léèrè ìgbòkun, kò bi mí léèrè bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Òjé tọ́ọ̀nù méjì?" Ojú rẹ̀ dán. Títí dòní, òun nìkan ni mo tíì rí tó lè fi ọkọ̀ náà ṣe nǹkan ní gbogbo agbègbè yìí.

Ẹ̀gbọ́n ò dákẹ́ o. Ó ní ìjì kan jà ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, nígbà ìdíje tí wọ́n ń pè ní Fastnet. Awakọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú sínú òkun. Nínú ìsọ̀rí àwọn ọkọ̀ tó kéré jù, ẹyọ kan péré ló parí ìdíje náà, Contessa 32 ni, Assent ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló wà nídìí ìtukọ̀. Ìyá ìyàwó mi tó jókòó tì wá bi í pé, "Àwọn yòókù ńkọ́?" Ó ní wọ́n yà lọ sí èbúté mìíràn ni, àwọn kan sì sá kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Màmá ní, "Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni kí o lọ bá ṣọ̀rẹ́."

Mo ní kó fi ìkéde tí ẹni tó ń tà á kọ ránṣẹ́, kí n fi ojú ẹni tó mọ Tòkunbọ̀ wò ó. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Àlábà rí, kò sí òyìnbó tó lè fi ẹnu dídùn tàn án jẹ. Ìkéde náà ní "ọkọ̀ tó ti mọ òkun dáadáa." Ìyẹn ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní "ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a lò ó kẹ́yìn." Kò sọ ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí ló ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn! Ó ní "ó yẹ fún ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe." Ẹ túmọ̀ ìyẹn fúnra yín. Ó ní "ìléròrò díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, bí a ṣe ń rí i lára ọkọ̀ ọjọ́ orí yìí." Mo ní kí ọmọ mi ṣàlàyé. Ó ní fáíbà ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, pé bó bá ti pẹ́ nínú omi, omi á wọnú fáíbà díẹ̀díẹ̀, á bá oje tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ jà, á wá wú síta. Ẹ gbọ́ mi o: ọkọ̀ ojú omi, omi ló ń mú un ṣàìsàn.

Ìkéde náà kò sọ ohunkóhun nípa àwọn wáyà irin tó di òpó ìgbòkun mú lóòró. Ohun tó mú kí n bínú jù nìyẹn, torí èmi mọ ohun tí wáyà lè ṣe. Níbi tó ti wá, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò a máa fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn bó bá ti ń tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí bí ọ̀kan bá já, òpó á wó, ọkọ̀ ìgbòkun tí kò ní òpó kò yàtọ̀ sí agbada. Ọdọọdún ni wọ́n tún ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú omi, kí wọ́n ha ìdí rẹ̀, kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tí kò ní jẹ́ kí ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ọn. Owó ni. Ìdúró lásán ní èbúté, owó ni pẹ̀lú. Mo wá rí ìdí tí ẹni náà fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ń tà á nítorí àìlera. Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ ò bi í pé kí ló sọ ọ́ di aláìlera?"

Iye rẹ̀ ni £18,000. Bí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ nǹkan bíi ₦2,000, mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó bá ń kánjú: mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì náírà, fún ohun tí kò ní ilẹ̀kùn iwájú.

Nígbà tí mo ta kò ó, ó gbé àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ jáde. Ó ní Joshua Slocum ló kọ́kọ́ dá nìkan fi ìgbòkun yí ayé ká, láti 1895 sí 1898, nínú ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń pè ní Spray. Àárín pápá ni wọ́n ti fà á jáde fún un, ó sì fi $553.62 tún un kàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ta ló tà á fún un?" Ó ní wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni. Mo ní ìyẹn ni pé kò ta ilẹ̀ àna rẹ̀. Ọmọ mi sì fi kún un pé Slocum yìí kan náà tún wọ Spray lọ sójú òkun ní 1909, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò tíì kà dé ibẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì lágbára ju ìyẹn lọ, n kì í ṣe ẹni tí í fi òótọ́ pamọ́. Bill Pinkney, ọmọ Chicago, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, gbéra ní Boston ní oṣù kẹjọ 1990, ó gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà àti ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù kọjá, òun nìkan, ó sì padà dé ní oṣù kẹfà 1992. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ló ràn án lọ́wọ́, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi ìrìn rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Nínú ìrìn ti Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ni olówó, èmi náà sì ni wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ó ní òun á gbé e wálé. Á gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á yà ní erékùṣù Canary, á yà ní Cape Verde, á sì wọlé sọ́dọ̀ wa. Lórí èyí, n ò lè bá a jiyàn. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn á tì í sọ̀ kalẹ̀, ìṣàn omi Guinea tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn á gbé e wá bá wa ní ìrọ̀rùn. Bó bá wá ń padà lọ ńkọ́? Ìṣàn yẹn kan náà á dojú kọ ọ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ ò sì ní jẹ́ kó rí ọ̀nà tààrà lọ. Àwọn Potogí ti mọ èyí láti ayé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yà lọ jìnnà sínú agbami kí wọ́n tó lè padà sílé. Òkun wa yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sìn ín padà. Ilé mi ni Ẹ̀gbọ́n máa bọ́ sí, mo ti mọ̀.

N ò tíì mẹ́nu kan àwọn ajalèlókun o. Ní 2020, awakọ̀ òkun 135 ni wọ́n jí gbé ní gbogbo àgbáyé, 130 nínú wọn ló jẹ́ ní agbègbè òkun tiwa yìí. Ó ti rọlẹ̀ láti ìgbà náà, ìjọba náà sì ti ṣòfin lé e lórí ní 2019. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó ga bí ilé alájà ni wọ́n ń fi àkàbà gùn nígbà yẹn. Ti Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ kékeré kàn máa na ẹsẹ̀ wọlé ni, á sì kí i pé ẹ kú ilé.

Ká ní ó tilẹ̀ dé láyọ̀. Níbo ló máa dá ọkọ̀ ró sí? Ọkọ̀ náà nílò omi tó jìn tó mítà 1.67 kí òjé rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀. Ọ̀pá ni àwọn ọlọ́kọ̀ wa fi ń ti ọkọ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi lójú omi Ọ̀jọ́ yìí. Ẹ̀yin náà sì mọ ewéko olódòdó aró tó ń bo orí omi, tó ti Àjàṣẹ́ gba Àgbádárìgì wọlé ní 1984, tí kò tíì wá ọ̀nà ilé. Mo ní kó wá fi kọ̀nténà gbé e wá. Ó dá mi lóhùn, ó ní inú kọ̀nténà fẹ̀ ní mítà 2.35, ọkọ̀ òun fẹ̀ ní mítà 2.9. Trélà ni kó gbé e láti Àpápá nígbà náà? Kí trélà gbé e gba Ìyànà Ìbà kọjá, láàárín àwọn aláta àti àwọn aláṣọ òkìrìkà, lábẹ́ wáyà iná tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí danfó? Àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti dúró. Owó ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ etí omi ni Ẹ̀gbọ́n. Apẹja ni bàbá wọn ní Ọ̀jọ́. Màmá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí bàbá bá ní kó wá mú àjẹ̀, á ní ibà ń ṣe òun. Ibà yẹn ló fi kàwé, òun ló fi rìnrìn àjò. Ní báyìí tó ti dàgbà tán, ó fẹ́ san mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì kí wọ́n lè jẹ́ kó mú àjẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn Ẹ̀gùn ṣì wà lójú omi yẹn tí wọ́n ń rán àpò ìrẹsì pọ̀, tí wọ́n ta á sórí ọ̀pá, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ sídìí àwọ̀n wọn láì sí ìkéde. Mo ní kí n bá a bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ó bínú. Ó ní irú ìgbòkun yẹn kọ́ lòun ń sọ.

Ó wá fi ìrìnnà tàn mí. Ó ní tí ọkọ̀ bá dé, n ò ní jókòó sínú gósílò títì Àgbádárìgì mọ́. Níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe títì yẹn àti ojú irin rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kérò láti Mẹ́rínà, ó rin kìlómítà 13, ó sì dúró ní Máìlì 2. Òkòkòmáíkò ni wọ́n ní ó ń bọ̀, àwa ṣì wà lójú ọ̀nà tí à ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, kò ní lọ, ṣé òun ni n óò fi máa lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà? Èmi tí n kì í lè dúró de NEPA?

Ọmọ mi ní kí n má bínú, pé àwọn àgbà pàápàá ń fẹ́ ọkọ̀. Ó rán mi létí ìṣúná àfikún ti oṣù kọkànlá 2023, tí wọ́n kọ bílíọ̀nù márùn-ún náírà àti díẹ̀ sí i fún ọkọ̀ afẹ́ ojú omi ti ààrẹ. Ariwo ta, àwọn aṣojúṣòfin sì ní àwọn gbé owó náà kúrò, àwọn fi kún owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ ti Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n máa gbé owó tirẹ̀ fún? Mo ní kó fi orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀.

A pe ìpàdé ẹbí. Ìyàwó mi tí mo rò pé ẹ̀yìn mi ló wà ní, "Bùọ̀dá mi ló ni ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká fàdúrà sí i." Àbúrò wọn bi í bóyá ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀gbọ́n fi ohùn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí n má ṣe ro ara mi pin, pé orúkọ mi lòun máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gàdàgbà. N ò fẹ́. Orúkọ mi ti wà lórí pátákó ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn oníbàárà ti lè rí i, láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ mọ odò wẹ̀.

Mo ti wá ronú, mo sì ti rí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olówó Ìkòyí àti Lẹ́kí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí ẹ ti ń fi ìgbòkun ṣeré lójú omi Èkó láti 1932, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí owó ìfẹ̀yìntì yín ti wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra ọkọ̀ yìí kí Ẹ̀gbọ́n tó rà á. Ọkọ̀ gidi ni. Ìjì 1979 ò rí irú rẹ̀ gbé ṣe. Ìléròrò tí mo sọ yẹn, kò tó nǹkan. Wáyà yẹn, bóyá ó ṣì lè tó ọdún díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ rẹ̀, èmi fúnra mi á tún un ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá gbé e dé Ìbà. £18,000 ni wọ́n pè é, wọ́n á gbọ́ díẹ̀. Ẹ tètè o, torí Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí lòun fẹ́ lọ san owó àsansílẹ̀.